Bí A Ṣe Ń Fi Ohun Tó Ń Pa Èèyàn Ṣírò Ikú fún Inṣọ́ránsì àti Owó Ìfẹ̀yìntì

Ẹ wo àwọn ìwé ìkéde òkú tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri nílẹ̀ wa. "Lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́" ni wọ́n sábà máa ń kọ síbẹ̀, kò sì sẹ́ni tí í wádìí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, àánú ló yẹ kó rí gbà, kì í ṣe ìbéèrè. Ìyẹn tó fún ìdílé. Àmọ́ ẹni tó bá ṣèlérí fún ẹni ọdún 60 pé òun á máa sanwó fún un lóṣooṣù títí ọlọ́jọ́ á fi dé, kò lè fi àìsàn ráńpẹ́ ṣírò. Ó gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ohun tó ń pa àwọn ojúgbà ẹni náà ń rọlẹ̀ ni tàbí ó ń ru sókè, kí àpò má baà gbẹ nígbà tí baba tàbí ìyá ṣì wà láàyè.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ di actuary (ẹni tó ń ṣírò ewu àti owó fún inṣọ́ránsì àti owó ìfẹ̀yìntì), òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì tàbí ti owó ìfẹ̀yìntì, àti ẹnikẹ́ni tó gbọ́ Excel tàbí R (èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣírò) díẹ̀ ni mo kọ ọ́ fún. Àkọsílẹ̀ Amẹ́ríkà ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ: ọ̀fẹ́ ni, ó pọ̀, àbùkù rẹ̀ sì ti hàn sójútáyé. Tó bá yá, n ó sọ ohun tí a lè ṣe ní Nàìjíríà, níbi tí ọ̀pọ̀ ikú kì í wọ ìwé kankan.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ owó tí ẹ ń ṣírò

Ilé iṣẹ́ tó ta inṣọ́ránsì ẹ̀mí ń bẹ̀rù ikú àìtọ́jọ́. Ilé iṣẹ́ tó ń san owó ìfẹ̀yìntì ń bẹ̀rù pé ẹ̀mí èèyàn á gùn ju owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ lọ. Ohun tó ń pa ẹni ọdún 30 sí 50 kọ́ ló sì ń pa ẹni ọdún 70 sí 90. Ní Amẹ́ríkà, àlòjù oògùn pa èèyàn 70,630 ní 2019. Ní 2021, iye yẹn di 106,699. Ẹni tó ṣì lágbára láti ṣiṣẹ́ ló pọ̀ jù nínú wọn, irú ẹni tí inṣọ́ránsì ẹ̀mí tí agbanisíṣẹ́ ń san fún òṣìṣẹ́ máa ń bò. Àpò tó ń sanwó fún ẹni ọdún 75 fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ ọ́n lára.

Àwọn kan máa ń sọ pé ilé iṣẹ́ tó bá ń ta méjèèjì ti bọ́, torí ohun tó bá pàdánù lápá kan, á rí i padà lápá kejì. Ó jóòótọ́ dé àyè kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá pín ikú sí ohun tó fà á, ẹ ó rí i pé èèyàn ọ̀tọ̀ ni, àìsàn ọ̀tọ̀ ni. Bí àlòjù oògùn bá ń pa ọ̀dọ́, tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sì ń dá ẹ̀mí àgbà sí lọ́dún kan náà, apá méjèèjì ló máa pàdánù pọ̀. Torí náà, kí ẹ tó ṣí fáìlì kankan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ orí wo, ọkùnrin àbí obìnrin, irú àdéhùn wo, ọdún mélòó síwájú.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ kó àkọsílẹ̀ jọ

Nǹkan méjì lẹ nílò: iye ikú, àti iye èèyàn tó wà láàyè tí ikú lè mú. Ti àkọ́kọ́ wà lórí CDC WONDER, ìkànnì àkọsílẹ̀ ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, tí àwọn ikú Amẹ́ríkà láti 1999 wà níbẹ̀ lábẹ́ kóòdù ICD-10, ẹ̀dà kẹwàá ìwé kóòdù àìsàn àti okùnfà ikú ti Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ti 1979 sí 1998 wà lọ́tọ̀ lábẹ́ ICD-9. Ẹ jẹ́ kí èsì yín tò ní ọdún, ìbí ọkùnrin tàbí obìnrin, ẹgbẹ́ ọjọ́ orí ọlọ́dún márùn-ún, àti ohun tó pa wọ́n.

Ohun mẹ́ta lẹ máa bá pàdé níbẹ̀. Bí ẹ bá wá ìpínlẹ̀ tàbí ìjọba ìbílẹ̀ kan, tí ikú ibẹ̀ kò sì tó 10, wọn ò ní fi iye náà hàn yín, kí àṣírí ẹnikẹ́ni má baà tú; ẹ má kọ òdo sí àyè yẹn. Ìwọ̀n tí wọ́n bá ṣírò látinú ikú tí kò tó 20, wọ́n á kọ ọ́ sí i lára pé kò ṣeé gbára lé, ẹ sì gbà wọ́n gbọ́. Ẹ̀kẹta ló le jù fún ẹni tó ń ṣírò owó ìfẹ̀yìntì: láti ọdún 85 sókè, ibẹ̀ kì í pín iye èèyàn tó wà láàyè sí wẹ́wẹ́. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni owó wà. Ẹ lọ sí Human Mortality Database, tí Yunifásítì Berkeley àti ilé ìwádìí Max Planck ní Rostock jọ ń bójú tó, kí ẹ mú iye èèyàn ọdún kọ̀ọ̀kan títí dé 110.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ mọ bí ìwé dókítà ṣe ń di kóòdù kan ṣoṣo

Ìwé ẹ̀rí ikú ní apá méjì. Ní apá kìíní, dókítà á kọ ohun tó pa ẹni náà gan-an sórí ìlà òkè, á sì máa sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ohun tó fa ìyẹn, àti ohun tó fa èyí tó fà á. Ká ní ìlà òkè ni òtútù àyà, ìlà kejì ni ìdùbúlẹ̀ ọjọ́ pípẹ́, ìlà kẹta sì ni rọpárọsẹ̀. Rọpárọsẹ̀ ni wọ́n máa kà sí okùnfà ikú náà. Bí ẹni náà bá ní ìtọ̀ ṣúgà tí dókítà kọ sí apá kejì, ìtọ̀ ṣúgà yẹn ò ní hàn nínú iye tí ẹ wà jáde.

Ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà gbogbo. Nọ́ńbà tó wà níwájú yín jẹ́ ìdájọ́ dókítà kan lórí ìwé, bóyá ní aago méjì òru, lórí arúgbó tó ní àìsàn mẹ́rin. Ẹni tí ikú bá àìsàn kan ṣoṣo lára rẹ̀ kò wọ́pọ̀ lẹ́yìn ọdún 80.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ pín ikú sí ẹgbẹ́

ICD-10 ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún kóòdù. Ẹgbẹ́ 8 tàbí 9 tó. Èyí tí mo máa ń lò nìyí:

- Àrùn ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀, rọpárọsẹ̀ wà nínú rẹ̀: I00–I99
- Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró: C34
- Jẹjẹrẹ yòókù: ìyókù C00–C97
- Àrùn èémí: J00–J99
- Arán àti Alzheimer: F01, F03, G30
- Àlòjù oògùn: X40–X44, X60–X64, X85, Y10–Y14
- Jàǹbá, ìpara-ẹni àti ìpànìyàn tó kù: ìyókù V01–Y89
- COVID-19: U07.1, lọ́tọ̀
- Gbogbo èyí tó kù

Mo ya jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró sọ́tọ̀ torí sìgá ló ń darí rẹ̀, ọ̀nà tirẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti àwọn jẹjẹrẹ yòókù. Bí inṣọ́ránsì àwọn òṣìṣẹ́ lẹ ń ṣírò, ẹ jẹ́ kí àlòjù oògùn dá wà. Bó bá jẹ́ owó ìfẹ̀yìntì nìkan, ẹ lè dà á pọ̀ mọ́ jàǹbá, kí ẹ wá fi àyè yẹn pín àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ sí méjì.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ di kòtò tó wà láàárín ìwé kóòdù kan àti èkejì

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú, èmi náà sì ti ṣubú níbẹ̀ rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo ya àwòrán ikú òtútù àyà àti influenza ní Amẹ́ríkà. Ní 1998, èèyàn 91,871 ló pa. Ní 1999, 63,730. Mo sáré kọ ọ́ pé ìtọ́jú ti dára sí i, mo sì fi ìrọlẹ̀ yẹn ṣírò ogún ọdún síwájú. Ọ̀gá mi kà á tán, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: "Ìwé kóòdù wo ni wọ́n lò lọ́dún méjèèjì?"

Láti 1999 ni Amẹ́ríkà ti kúrò lórí ICD-9 bọ́ sórí ICD-10. Òfin tuntun náà gbà pé òtútù àyà sábà máa ń jẹ́ àtubọ̀tán àìsàn mìíràn, nítorí náà wọ́n kó ọ̀pọ̀ irú ikú bẹ́ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àìsàn tó ṣáájú rẹ̀. Àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ náà mọ̀ pé ìdààmú máa wà, ni wọ́n bá kó ìwé ẹ̀rí ikú ti ọdún 1996, wọ́n fi ìwé kóòdù méjèèjì kà á. Fún òtútù àyà àti influenza, ìwọ̀n ìfiwéra tí wọ́n rí, ìyẹn iye ikú lábẹ́ ICD-10 tí a fi iye tó wà lábẹ́ ICD-9 pín, ni 0.6982. Ẹ fi lu iye 1998:

91,871 × 0.6982 = 64,144

Ẹ wá fi 63,730 ti 1999 wé e. Ìyàtọ̀ tòótọ́ kò tó ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún. Gbogbo ìyókù, orúkọ ló yí padà.

Alzheimer lọ sí òdìkejì. Iye tirẹ̀ jẹ́ 22,725 ní 1998, ó sì di 44,536 ní 1999. Ìwọ̀n ìfiwéra rẹ̀ jẹ́ 1.5536, èyí tó sọ iye 1998 di 35,306. Síbẹ̀, ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún ṣì lé lórí rẹ̀, àrùn tó ń jẹ èèyàn díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kì í sì í fò tó bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù méjìlá. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ìwọ̀n ìfiwéra kan ṣoṣo kì í gbé gbogbo ẹrù. Níbi tó bá ti rí báyìí, ẹ da Alzheimer pọ̀ mọ́ àwọn irú arán yòókù, kí ẹ sì jẹ́ kí módẹ́lì yín ní ìpele ọ̀tọ̀ fún àsìkò ìwé kóòdù kọ̀ọ̀kan, kó má baà ka àtẹ̀gùn sí òkè.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é: ẹ fi ìwọ̀n ìfiwéra lu gbogbo ọdún tó ṣáájú ìyípadà, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀, pẹ̀lú ti ọjọ́ orí bó bá wà. Lẹ́yìn náà, ẹ ro gbogbo ẹgbẹ́ pọ̀. Bí àròpọ̀ bá yàtọ̀ sí iye ikú ọdún yẹn, ẹ fa gbogbo wọn sókè tàbí sísàlẹ̀ lọ́gbọọgba títí á fi bá a mu. Ẹni tó kú ti kú, àròpọ̀ ò gbọ́dọ̀ fi ẹyọ kan lé tàbí dín. Ẹ pa ọgbọ́n yìí mọ́, torí ICD-11 ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti oṣù kìíní 2022, bí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan bá sì ṣe ń bọ́ sórí rẹ̀, kòtò tuntun ni.

Ìgbésẹ̀ 6: Àwọn kóòdù aláìmọ̀dí

R00–R99 ni kóòdù ohun tí kò yé wọn, ogbó sì wà nínú rẹ̀ ní R54. Ẹ fi "ọkàn dúró", I46, kún un, nítorí ọkàn gbogbo ẹni tó bá kú ló ń dúró. Àti I50, ọkàn tí kò lágbára mọ́, tí kì í sọ ohun tó sọ ọ́ di aláìlágbára. Ẹ pín wọn padà fún àwọn ẹgbẹ́ tó bá wọn mu, láàárín ọjọ́ orí kan náà, ọkùnrin tàbí obìnrin kan náà, ọdún kan náà. Bí wọ́n bá pọ̀, ẹ ṣe ìṣirò yín lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú ìpínpadà àti láìsí i, kí ọ̀gá tó máa fọwọ́ sí i rí méjèèjì.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ sọ tẹ́lẹ̀, àmọ́ kí àpapọ̀ ṣíwájú

Fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, módẹ́lì tó rọrùn tó sì ṣeé gbára lé ni Poisson, tó wà fún ohun tí a ń kà lẹ́yọ lẹ́yọ. Ní R, ìlà kan ló gbà:

glm(iku ~ factor(ojo_ori) + odun, offset = log(eniyan), family = poisson)

Èyí á fún yín ní bí ikú ẹgbẹ́ náà ṣe ń yí padà lọ́dọọdún. Bí ẹ bá fẹ́ kí ìyípadà yàtọ̀ láti ọjọ́ orí kan sí òmíràn, ẹ lo ọ̀nà tí Lee àti Carter gbé jáde ní 1992. Àkójọ StMoMo wà nínú R fún un.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún nìyí. Ká ní, nínú 100,000 ọkùnrin ẹni ọdún 65, àrùn ọkàn ń pa 500, jẹjẹrẹ 450, ìyókù 650. Àròpọ̀ jẹ́ 1,600. Ká tún ní àrùn ọkàn ń fi ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún rọlẹ̀ lọ́dún, jẹjẹrẹ ìdá 1.5, ìyókù sì ń fi ìdá 0.5 gòkè. Lọ́dún àkọ́kọ́, àpapọ̀ rọlẹ̀ ní ìdá 1.16. Bí ẹ bá fi 1.16 yẹn rìn fún ogún ọdún, ẹ ó bá 1,268. Àmọ́ bí ẹ bá rin ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, àrùn ọkàn á di 272, jẹjẹrẹ 333, ìyókù 718. Àròpọ̀ wọn, 1,323. Àkọsílẹ̀ kan náà ni, ìdáhùn méjì.

Ohun tó fà á ni pé ohun tó ń rọlẹ̀ kíákíá ń kéré sí i, agbára rẹ̀ lórí àpapọ̀ ń dín kù. Èyí tí kì í rọlẹ̀ ló máa gba ilé. Títí ayé ni ọ̀nà tó ń rin ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ yìí máa ń sọ pé ẹ̀mí ò ní gùn tó bí àpapọ̀ ṣe ń wí. Fún inṣọ́ránsì ẹ̀mí, ìṣọ́ra nìyẹn. Fún owó ìfẹ̀yìntì, ewu ni: ẹ ó ya owó tó kéré sọ́tọ̀, ẹni tó máa jìyà rẹ̀ sì ti fẹ̀yìn tì, kò lè padà síbi iṣẹ́ mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé kí àpapọ̀ ṣíwájú. Ẹ kọ́kọ́ sọ àpapọ̀ tẹ́lẹ̀, kí ẹ wá sọ ìpín ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ okùnfà ni láti bi àpapọ̀ léèrè pé, "Bí ohun tí o wí yìí bá máa ṣẹ, àìsàn wo ló gbọ́dọ̀ rọlẹ̀, ṣé ó sì ṣeé ṣe?"

Ìbéèrè yẹn ì bá ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn là. Lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣàtúnṣe fún ọjọ́ orí, àrùn ọkàn pa 266.5 nínú 100,000 ará Amẹ́ríkà ní 1999, ó sì pa 179.1 ní 2010: ó lé ní ìdá 3 tó ń rọlẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹni tó bá fi ìyẹn lọ títí, ó yà á lẹ́nu. Ní 2019, ó jẹ́ 161.5, ìrọlẹ̀ tó lé díẹ̀ ní ìdá 1 lọ́dún. Ẹni tó ń wo àpapọ̀ nìkan rí i pé nǹkan ti yí. Ẹni tó ń wo okùnfà mọ ibi tó ti yí.

Ní ti ọdún COVID, ẹ má jẹ́ kí 2020 àti 2021 darí ìlà yín. Ọdún tí a lè retí kí ọmọ tuntun lò láyé ní Amẹ́ríkà bọ́ láti 78.8 ní 2019 sí 76.4 ní 2021, ó sì padà dé 78.4 ní 2023. Àmọ́ yíyọ U07.1 kúrò nìkan ò tó, torí ikú àrùn ọkàn náà ru sókè lọ́dún méjèèjì yẹn.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ bi í pé "bó bá jẹ́ pé…"

Ìbéèrè yìí ti pẹ́. Ní 1760, Daniel Bernoulli, onímọ̀ ìṣirò, béèrè pé, bí kò bá sí ìgbóná mọ́, àrùn tí àwọn baba wa ń pè ní olóde, ẹ̀mí èèyàn á ti gùn tó? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ọdún 26 àti oṣù 7 á di ọdún 29 àti oṣù 9. Ọdún mẹ́ta àti oṣù méjì péré, fún àrùn tó dẹ́rù ba gbogbo ayé! Bákan náà, bí jẹjẹrẹ bá kúrò pátápátá ní Amẹ́ríkà, bí ọdún mẹ́ta ló máa fi kún ẹ̀mí. Ẹni tí ikú kan bá yẹ̀ lórí rẹ̀, òmíràn ṣì ń dúró dè é.

Bí a ṣe ń ṣe é: ẹ padà sí 1,600 wa. Ká ní oògùn tuntun dín ikú àrùn ọkàn kù ní ìdá 20. 500 di 400, àpapọ̀ di 1,500, ìyẹn ìrọlẹ̀ ìdá 6.25. Ìwọ̀n ikú àgbàlagbà máa ń di ìlọ́po méjì bí ọjọ́ orí bá fi nǹkan bí ọdún mẹ́jọ lé sí i. Bí ìrọlẹ̀ náà bá rí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ orí, ńṣe ló dà bíi pé gbogbo ẹni tí ẹ ń sanwó fún kéré sí i ní nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án. Ẹ fi ìyẹn tún owó ṣírò. Yóò yé àwọn ìgbìmọ̀ olùdarí ju òǹkà kóòdù lọ.

Ohun kan ṣì wà níbẹ̀. Ìṣirò yìí gbà pé àìsàn kan ò mọ èkejì. Tsiatis, onímọ̀ ìṣirò kan, fi hàn ní 1975 pé àkọsílẹ̀ ohun tó pa èèyàn nìkan kò lè sọ bóyá ó jóòótọ́ tàbí kò jóòótọ́. Ọgbọ́n orí lẹ máa lò. Bí ẹ bá ní kí sìgá mímu dín kù, ẹ jẹ́ kí C34, àrùn èémí àti àrùn ọkàn jọ rọlẹ̀, olúkúlùkù ní àsìkò tirẹ̀: ti ọkàn tètè ń hàn, ti jẹjẹrẹ ń pẹ́. Bí ẹ bá dá àgbàlagbà sí lọ́wọ́ àrùn ọkàn, ẹ fi díẹ̀ kún arán.

Ìgbésẹ̀ 9: Láti ará ìlú dé ọ̀dọ̀ oníbàárà

Ẹni tó ra inṣọ́ránsì ti ṣe àyẹ̀wò ara, ẹni tó ní owó ìfẹ̀yìntì tó tóbi sì sábà máa ń rí dókítà gidi. Ẹ mú ikú tó ṣẹlẹ̀ láàárín oníbàárà yín, ẹ fi wé iye tí tábìlì ìwọ̀n ikú ará ìlú ní ó yẹ kó kú, ẹ sì fi ìpín yẹn lu ìwọ̀n ikú. Ẹ ṣe é fún àpapọ̀. Ikú oníbàárà kì í sábà tó láti ṣe é fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Tó bá jẹ́ Nàìjíríà ńkọ́?

Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ ra inṣọ́ránsì ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́, tí kò gbọ́dọ̀ dín ní ìlọ́po mẹ́ta àpapọ̀ owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún. Ó sì gba òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì láyè láti ra annuity, owó oṣooṣù tí ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì á máa san títí ọjọ́ ikú. Méjèèjì ń béèrè ìwọ̀n ikú ọmọ Nàìjíríà. Bẹ́ẹ̀, tábìlì tí ẹ ó máa rí nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìṣirò wa ni A67/70, tí wọ́n ṣe látinú ikú àwọn tó ra inṣọ́ránsì ní Bìrìtìkó láàárín 1967 sí 1970. Kò sí ibà níbẹ̀, kò sí foníkú-fọ̀la-dìde, kò sí ọ̀nà márosẹ̀ wa. Ó ń dùn mí tí mo bá rí i.

Níbi tí kò bá sí ìwé dókítà, ọ̀nà kan wà: ẹ bi ẹni tó tọ́jú aláìsàn náà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ìwé ìbéèrè tó wà fún èyí. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ á bá ìdílé jókòó lẹ́yìn tí ọ̀fọ̀ ti fúyẹ́ díẹ̀, á béèrè nípa ibà, ikọ́, ara wíwú, bí àìsàn náà ṣe pẹ́ tó. Àkójọ openVA inú R á wá sọ ohun tó ṣeé ṣe kó pa á. Kò tó ìwé dókítà, àmọ́ ó ju àìsàn ráńpẹ́ lọ fíìfíì.

Ilé iṣẹ́ yín fúnra rẹ̀ sì lè bẹ̀rẹ̀ láìdúró de ìjọba, nítorí gbogbo ìdílé tó bá wá gba owó inṣọ́ránsì ló ń mú ìwé wá. Ẹ ṣí fáìlì Excel kan lọ́jọ́ Ajé. Ìlà kan fún ẹni kọ̀ọ̀kan tó kú, láìsí orúkọ: ọdún tí wọ́n bí i, ọdún tó kú, ọkùnrin tàbí obìnrin, irú iṣẹ́, irú àdéhùn, ohun tí ìwé sọ pé ó pa á ní ọ̀rọ̀ ẹni tó kọ ọ́ gan-an, kóòdù ICD tí ẹ fún un, ìwé kóòdù tí ẹ lò, àti ẹni tó sọ ọ́ fún yín: dókítà, ọlọ́pàá, tàbí ìdílé.